Tẹlifíṣọ̀n Wa Kò Tíì Kú: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Ìbẹ̀rù Tajà fún Wa

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ìdọ̀tí ẹ̀yìn ọjà tí a ti sọ títí tó sú wa. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni. Àwọn tó wá sí ìpàdé tó kọjá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò wá, ẹ jẹ́ ká rò ó fún yín.

Arákùnrin kan wọ ìpàdé wa wá. Ó múra dáadáa, ó so táì mọ́rùn, ó gbé tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kan dání nínú páálí. Ó ní ìjọba ń kúrò lórí analọ́ọ̀gù, wọ́n ń bọ́ sórí díjítà, àti pé láìpẹ́ gbogbo tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá tó wà nílé wa á ṣókùnkùn biribiri, kò ní wúlò ju kí adìyẹ máa sùn lórí rẹ̀ lọ. Ó ní òun á gbé tuntun fún ẹnikẹ́ni nínú wa láìgba kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ẹgbẹ́ sáà bá òun fọwọ́ síwèé, kí alájọ máa yọ owó òun lójoojúmọ́ nínú àjọ wa fún oṣù mẹ́wàá.

Nígbà tí a jókòó ṣírò owó náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń ta irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá kówó lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Síbẹ̀, àwọn kan ti ń fi orúkọ sílẹ̀. Èyí tó dùn wá jù ni ti ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹlùbọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó gbé tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó ní kó má baà kú mọ́ òun lọ́wọ́. Tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ o! Owó tí wọ́n fún un kò ra kóńgò gàrí mẹ́ta. Nígbà tí a gbọ́, a sáré lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè dá a padà. Wọ́n ti fọ́ ọ, wọ́n ti yọ wáyà kọ́pà inú rẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ á dìbò bóyá kí a fọwọ́ síwèé arákùnrin yìí tàbí kí a má fọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwa aláṣẹ fi kọ èrò wa sílẹ̀ síbí, kí oníkálukú kà á, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà ní kí ọmọ kà á fún òun. Èrò wa kò lọ́ tìkọ̀: kí ẹgbẹ́ má fọwọ́ sí i.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Òótọ́ ni pé ayé ń kúrò lórí analọ́ọ̀gù. Ní ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣàdéhùn ní ìlú Geneva pé 17 oṣù Kẹfà 2015 ni ààbò á kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n analọ́ọ̀gù, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Nígbà tí ọjọ́ yẹn pé, a ò tíì múra tán. Wọ́n sún un sí oṣù Kẹfà 2017. Ìyẹn náà tún kọjá. Ìlú Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2016, Àbújá tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Ìlọrin ní oṣù Kejìlá 2017, Òṣogbo ní oṣù Kejì 2018, Èkó sì ní oṣù Kẹrin 2021. FreeTV ni wọ́n sọ ètò náà. Àwa tí a wà ní Ìbàdàn kò sí lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i.

Ẹ wá wò ó. Ẹni tó bá ju tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ nù ní 2015 nítorí pé wọ́n ní ọjọ́ ti pé, ọdún mélòó ló fi jókòó lásán? A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó bá ń sọ fún wa pé ọ̀la ni, ẹ bi í pé ta ló kéde ọ̀la yẹn, níbo ló sì ti kéde rẹ̀.

Kí wá ni díjítà yìí gan-an? A lọ bá ọmọ ọ̀kan nínú wa tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ó sì la ọ̀rọ̀ náà yé wa bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ẹ fọkàn bá wa lọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gba ojú afẹ́fẹ́ kọjá bí àwa náà ṣe ń gba ìsọ̀ lọ́jà. Ní ayé analọ́ọ̀gù, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gba odidi ìsọ̀ kan, kò sì sẹ́ni tó lè bá a pín in. Díjítà mọ bí wọ́n ṣe ń to ẹrù. Inú ìsọ̀ kan náà, ilé iṣẹ́ mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lè pátẹ láìfara gbún ara wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ìjọba káàkiri ayé fi ń fẹ́ ẹ. Àwọn ìsọ̀ tó bá ṣófo, wọ́n á tà wọ́n fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù. Ní Amẹ́ríkà, ní 2008, nǹkan bíi bílíọ̀nù 19 dọ́là ni wọ́n pa lórí irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà wá sórí rẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kò gbọ́ èdè díjítà. Ìyẹn nìkan ni àìsàn tó ń ṣe é. Ẹ wo obìnrin wa tó ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ àwọn Hausa. Kò gbọ́ èdè wọn, wọn ò sì gbọ́ tirẹ̀. Ṣé a máa ń ní kó ká igbá rẹ̀ ńlẹ̀ kó máa lọ ilé ni? Rárá o. Ògbufọ̀ ni à ń wá fún un. Ògbufọ̀ á dúró láàárín, ọjà á sì tà. Àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní dikódà yẹn ni ògbufọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Yóò gba díjítà láti ojú àǹtẹ́nà, yóò túmọ̀ rẹ̀ fún tẹlifíṣọ̀n wa, àwòrán á sì jáde. Àní sẹ́, a óò rí i kó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí díjítà kì í hó ṣọ̀ọ̀ bí òjò kó tún máa ní òjìji. Bó bá wà, ó wà kedere. Bí kò bá dé dáadáa, á fọ́ sí wẹ́wẹ́ tàbí kó dúró gbagidi, a ó wá mọ̀ pé kí a yí àǹtẹ́nà tàbí kí a gbé e ga sí i.

Bí wọ́n ṣe ń so ó kò le. Wáyà àǹtẹ́nà tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tẹ́lẹ̀, a ó yọ ọ́, a ó kì í sẹ́yìn dikódà. Wáyà olórí mẹ́ta á wá ti ẹ̀yìn dikódà bọ́ sí ara tẹlifíṣọ̀n: yẹ́lò bíi pupa ẹyin ni ti àwòrán, funfun àti pupa sì ni ti ohùn. Àwọ̀ sí àwọ̀ ni. A ó fi rìmóòtù gbé tẹlifíṣọ̀n sí AV, a ó ní kí dikódà wá àwọn ìkànnì fúnra rẹ̀, ó parí. Tẹlifíṣọ̀n tó bá ti dàgbà púpọ̀, tí kò ní ihò olórí mẹ́ta, tó jẹ́ ihò àǹtẹ́nà nìkan ló ní, ìyẹn náà kò tíì kú. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín, modulator ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín, yóò mọ̀ ọ́n.

Bí tẹlifíṣọ̀n bá jẹ́ méjì nínú ilé, tí bàbá ń wo bọ́ọ̀lù, tí àwọn ọmọ ń wo fíìmù, dikódà méjì ni. Dikódà kan kì í sọ èdè méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá sì ti ń lo DStv, GOtv tàbí StarTimes, díjítà ló ti ń wò látọjọ́ yìí wá lórí wọn. Kò sóhun tó ń lé e.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ èyí tó bí wa nínú jù. Ọmọ wa tó jẹ́ oníṣẹ́ yìí bèèrè lọ́wọ́ arákùnrin onítáì náà níṣojú gbogbo wa pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé T2 wà nínú tẹlifíṣọ̀n yín yìí?" DVB-T2 ni orúkọ irú díjítà tí Nàìjíríà mú. Arákùnrin náà ní díjítà ni, ṣebí pẹlẹbẹ ni. Ọmọ wa yí páálí náà síwá sẹ́yìn, kò rí T2 kankan lára rẹ̀. Ó wò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, kò sí níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá fi oṣù mẹ́wàá sanwó tẹlifíṣọ̀n yìí, yóò ṣì tún lọ ra dikódà! Dikódà kan náà tó lè so mọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ní nílé láti ọjọ́ kìíní.

Nítorí náà, pé nǹkan jẹ́ pẹlẹbẹ kò sọ ọ́ di díjítà tiwa. Ẹ̀yin tí àwọn ọmọ yín ń kó tòkúnbọ̀ ránṣẹ́, ẹ fetí sílẹ̀. Irú díjítà tí Amẹ́ríkà ń lò yàtọ̀ sí tiwa, tẹlifíṣọ̀n wọn kò lè dá gba tiwa láti ojú àǹtẹ́nà. Púpọ̀ nínú èyí tó ti pẹ́ láti ìlú ọba, T lásán ló ní, kò ní T2. Dikódà lè ran méjèèjì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ti iná ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí wọ́n bá kọ 110 tàbí 120 nìkan sẹ́yìn rẹ̀, ẹ má kì í bọ iná wa. Iná tiwa tó 220 sí 240. Èéfín ni ẹ ó rí, kì í ṣe ìròyìn.

Àwọn kan nínú wa lè máa sọ pé kí ló kan ọjà nínú tẹlifíṣọ̀n. Háà, ó kàn wá o! Ẹ rántí ọ̀rọ̀ pààrọ̀ náírà. Oṣù Kẹwàá 2022 ni báńkì àpapọ̀ kéde pé wọ́n á yí owó 200, 500 àti 1,000 náírà padà. Wọ́n kọ́kọ́ ní 31 oṣù Kìíní 2023 ni òpin owó àtijọ́. Wọ́n tún ní ó di 10 oṣù Kejì. Ní 3 oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó àtijọ́ máa jẹ́ náwó títí di ìparí ọdún 2023. Láàárín oṣù mélòó kan yẹn, ẹni tó gbọ́ ìròyìn lálẹ́ ló mọ owó tó yẹ kó gbà láàárọ̀. Àwọn tí kò gbọ́ nínú wa gba owó tí wọn kò rí ná, àwọn mìíràn kọ owó tó yẹ kí wọ́n gbà, oníbàárà sì bá tiwọn lọ. Bí iye bíńtín bá yí nínú òfin, ọjà ló ń kọ́kọ́ dùn. Ẹni tó bá gba ìròyìn lójú obìnrin ọlọ́jà, ó ti mú nínú èrè rẹ̀.

Àti pé, ìlú wo ló yẹ kí wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n dẹ́rù bà? Ìbàdàn ńbí ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 31 oṣù Kẹwàá 1959, ká tó gba òmìnira pàápàá. Àwọn ìyá wa tó ti lọ sọ fún wa bí wọ́n ṣe máa ń dúró lójú fèrèsé olówó àdúgbò láti yọjú wò ó. Nígbà tí àwòrán aláwọ̀ dé lẹ́yìn náà, ẹni tó ní oní dúdú àti funfun kò ju tirẹ̀ nù. Ó ń wo ohun kan náà, àwọ̀ nìkan ni kò rí. Owó tí àwọn ìyá wa fi ra nǹkan, wọ́n máa ń lò ó kó pé.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ti kọjá níbi tí à ń lọ, nítorí abèèrè kì í ṣìnà. 12 oṣù Kẹfà 2009 ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá ní Amẹ́ríkà pa analọ́ọ̀gù. Oṣù Kejì ọdún yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá, ṣùgbọ́n wọ́n sún un síwájú nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé kò tíì rí dikódà rà. Ìjọba wọn fún ilé tó bá béèrè ní ìwé ẹ̀dínwó méjì, ogójì dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ra dikódà fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wọn. Amẹ́ríkà tó lówó kò sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n lọ ju tẹlifíṣọ̀n nù. Ní ìlú ọba, ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń pa á, láti 2007 títí dé oṣù Kẹwàá 2012. Oṣù Kẹrin 2012 ló kan London, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà. Wọ́n ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó ti pé ọdún 75, fún aláìlera àti fún àwọn tí ojú ń dùn. Wọ́n ń gbé dikódà lọ bá wọn nílé, wọ́n ń bá wọn so ó, wọ́n sì ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe lò ó.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi wáyà gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé bẹ̀rẹ̀ sí pa analọ́ọ̀gù tiwọn náà. Ẹni tó ti ń kì wáyà wọn tààrà sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tẹ́lẹ̀ wá nílò àpótí kékeré kan lórí tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan fún oníbàárà wọn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ rí i pé ọ̀fẹ́ àná lè di gbèsè ọ̀la.

A wá padà sórí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ tó ṣófo. Bí ìjọba bá lè tà á lówó gọbọi, ohun tí àwa ń béèrè kò pọ̀. Ẹni tó ní kí a kúrò lójú ọ̀nà àtijọ́ ló yẹ kó tẹ́ afárá fún wa dé èyí tuntun. Kí dikódà má wọ́n ju agbára ìyá arúgbó tó ń ta ewé lọ. Kí wọ́n sì wá sọ ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá, nínú ọjà, kí ó má jẹ́ pé ẹnu ẹni tó fẹ́ tajà fún wa la ti máa kọ́kọ́ gbọ́.

A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ inú wa lérò mìíràn. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kì í jẹ iná bíi ti àtijọ́, pé kì í gba àyè, pé ó rẹwà ní pálọ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. A ò bá wọn jà. Ẹni tó bá lówó rẹ̀, kó rà á, kó gbádùn rẹ̀, kó pè wá wá wò ó. Ohun tí a lòdì sí ni kí ìbẹ̀rù rà á fún wa, kí àjọ wa san án. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn àwọn òṣómàálò mọ̀ pé ọjà àwìn dùn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e fún ni. Ọjọ́ tí ẹni náà bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ní òun kò dìde títí òun á fi gbowó òun, ọjọ́ yẹn lojú ń là. Àjọ wa ni owó ìwé ọmọ, òun ni owó àìsàn, òun náà la fi ń tún ọjà rà bí olè bá jà wá. Kí a má fi í dúró fún nǹkan tí kò di dandan.

Ìmọ̀ràn wa rèé, kí ẹ gbé e yẹ̀ wò kí ìpàdé tó dé:

Èkíní, kí ẹgbẹ́ má fọwọ́ síwèé arákùnrin náà, kí alájọ má sì yọ kọ́bọ̀ fún un.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ fi owó àpò ra dikódà kan ṣoṣo, kí a so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó wà ní gbọ̀ngàn ìpàdé. Ọmọ wa oníṣẹ́ ti ní òun á so ó láìgbowó. Kí gbogbo wa fojú ara wa rí i, kí a rí ìkànnì tó ń gbé níbi tí a wà, kí ẹnikẹ́ni tó náwó tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá fẹ́ ra dikódà, kó kọ́kọ́ béèrè nǹkan márùn-ún. Ṣé T2 ni? Ṣé owó ẹ̀ẹ̀kan ni, àbí owó oṣooṣù tàbí ọdọọdún wà lẹ́yìn rẹ̀? Bí a kò bá san án, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwòrán? Ṣé ó ń gbé ní àdúgbò tiwa? Bó bá bàjẹ́, ta la ó gbé e padà fún? Ẹni tí kò bá lè dáhùn márààrún, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀pọ̀ wa bá fẹ́ rà, kí a jọ lọ náà á pọ̀. Àwa tí a mọ ọjà ná fún ẹlòmíràn, ṣé a ò ní lè ná tiwa ni?

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ lórí ìrànlọ́wọ́ fún àwọn àgbàlagbà àti opó àárín wa. Akọ̀wé yín ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ wa ń lọ wo ìròyìn nílé alábàágbé rẹ̀ báyìí. Bí ìròyìn bá pẹ́, ó máa ń tijú, á dìde lọ sílé kó tó parí. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ dára. Dikódà kan ló kù tí ì bá fi máa wò ó lọ. Kí ó má tún ṣe ẹnì kejì nínú wa mọ́.

Ẹ wá sí ìpàdé o, kí ẹ sì wá lásìkò. Ẹni tí kò bá wá, kó má wí pé wọn ò bi òun.

Ajé á jẹ́ tiwa. A ò ní ṣòfò, a ò ní jẹ gbèsè tí kò nídìí.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé, ní orúkọ àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́